Ilé Géèmù Tí Bàbá Mi Ń San Owó Oṣooṣù Sí

Òjò ló gbé mi wọ ilé géèmù yẹn. Mo wá kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ajíbọ́dè, ọmọbìnrin tí a jọ parí ilé ìwé girama, tí òun rí yunifásítì wọ̀ nígbà tí èmi gba Pólì lọ. Èmi ti parí tèmi nígbà náà, mo ti sin ìjọba, mo wà nílé lọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Adégbayì, mo ń wá iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ tó ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ lemọ́lemọ́ láyé ìgbà yẹn ni kò jẹ́ kí tirẹ̀ parí. Yàrá kan ló gbà sí ẹ̀yìn ọgbà yunifásítì, a sì jáde láti lọ ra àkàrà ní ìkóríta nígbà tí òjò dé lójijì.

Ó fà mí lọ́wọ́. "Jẹ́ ká yà síbí. Mo ti san ti oṣù yìí, wọ́n á jẹ́ kí n mú èèyàn kan wọlé."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Abẹ́ òrùlé páànù kan la kọ́kọ́ dúró sí, ibẹ̀ ló sì ti ṣàlàyé fún mi bó ṣe ń fún omi kúrò lára ìró rẹ̀. Yàrá méjì ni wọ́n wó ògiri àárín rẹ̀ tó di ọ̀kan. Wọ́n to tẹlifíṣọ̀n sí ara ògiri, ẹ̀rọ géèmù wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ǹṣì onígi sì wà níwájú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ibẹ̀ kì í gba owó eré kọ̀ọ̀kan bíi ti àwọn ilé géèmù tó wà nígboro. Ẹ̀ẹ̀kan lo máa san níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ó parí.

"Bí o bá ti san, kásẹ́ẹ̀tì tó bá wù ẹ́ ni wàá fi sí i," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "O lè wá ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí."

Mo bi í bóyá owó náà kò ṣòfò.

"Oṣù tí ìdánwò bá wà, ó ń ṣòfò o. N kì í débí rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yunifásítì pa, níbí la máa ń wà." Ó ronú díẹ̀. "Ẹni kan ṣoṣo tó ń jẹ èrè owó tiẹ̀ tán pátápátá ni Dáírẹ́kítọ̀."

"Ta ni Dáírẹ́kítọ̀?"

"Bàbá kan ni wọ́n. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ni wọ́n ti máa ń dúró síta. Ṣẹ́ẹ̀tì àti táì ni wọ́n máa ń wọ̀. A rò pé ọ̀gá kan tó ń sá fún iṣẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè nà wọ́n nínú bọ́ọ̀lù."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu mi nígbà tí a wọlé, tí mo rí ẹ̀yìn ọrùn bàbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí bàbá mi jẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, ní Sẹkitéríàtì. Fúnra wọn ni wọ́n máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ti kírun ìdájí tán, wọ́n á gbé báàgì aláwọ̀ ilẹ̀ kan, wọ́n á jáde. Mọ́ṣáláṣí ni bàbá mi ń lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ni màmá mi ń lọ, àwa ọmọ a sì máa bá ẹni tó bá kọ́kọ́ múra tán lọ. Bàbá mi kò bínú sí ìyẹn rí. Eré ni wọn kò fẹ́ rí nílé wọn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, ó ra káàdì eré, bàbá mi sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó o sínú ṣáláńgá. Tẹlifíṣọ̀n wa, ìròyìn nìkan la fi ń gbọ́. Bí ìròyìn bá ti parí, wọ́n á dìde, wọ́n á pa á, wọ́n á fi aṣọ bò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ọ̀sán gangan. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọkùnrin tí kò tó ọmọ wọn, báàgì wọn wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, táì wọn wà lọ́rùn. Páàdì géèmù wà lọ́wọ́ wọn. Àtàǹpàkò wọn ń yára lórí bọ́tìnnì yẹn débi pé mo rò pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

"Dáírẹ́kítọ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá," ni ọmọ kan ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ẹ dè é lọ́nà."

Bàbá mi yíjú. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo rò pé wọ́n á dìde, tàbí pé páàdì yẹn á bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Jókòó. Eré yìí ò ní pẹ́ parí." Wọ́n sì dojú kọ tẹlifíṣọ̀n padà.

Mo jókòó. Omi ń kán lára aṣọ mi sórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀rẹ́ mi wo ojú mi, ó wo ẹ̀yìn orí wọn, ó tún wo ojú mi, ó sì rọra bi mí pé, "Ṣé bàbá ẹ nìyẹn?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó lọ dúró sí kọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tí kò yé mi títí di òní ni pé bàbá mi tún gbá góòlù kan wọlé lẹ́yìn tí mo jókòó tán. Àwọn ọmọ yẹn hó, bàbá mi sì rẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn nílé rí.

Nígbà tí eré parí, wọ́n na páàdì sí ẹni tó kàn, wọ́n gbé báàgì wọn, a jọ bọ́ sí abẹ́ òrùlé páànù níta. Òjò ṣì ń rọ̀.

"Bàbá, ẹ ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí ni?"

"Kò síṣẹ́ mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí Iléyá ti kù díẹ̀."

Iléyá ti kọjá tipẹ́tipẹ́. A pa àgbò. Àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wá sílé wa, wọ́n jẹ ẹran, wọ́n ń pe bàbá mi ní ọ̀gá, èmi ni mo sì bu ọbẹ̀ fún wọn. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nínú wọn. Mo fara ti ògiri.

Bàbá mi sọ ọ́ fún mi láìyára, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n kó wọn jọ sínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n ka orúkọ, wọ́n ní kí àwọn tí a ka orúkọ wọn kó ẹrù wọn. Wọ́n fún wọn ní owó díẹ̀, òun sì ni bàbá mi ń fún màmá mi lóṣooṣù bí ẹni pé owó iṣẹ́ ni. Lákọ̀ọ́kọ́, abẹ́ igi nínú ọgbà yunifásítì ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa ka ìwé ìròyìn àná. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń wá. Ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, wọ́n yà sí ilé géèmù láti béèrè omi.

"Ọmọ yẹn fún mi lómi," ni bàbá mi wí. "Ó ní bí mo bá san ti oṣù, mo lè jókòó títí tó bá wù mí. Mo ro gbogbo ibi tí mo lè wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mi ò rí ibòmíràn. Mo sanwó."

"Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù."

"Ó pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo kàn ń wò wọ́n ni. Nígbà tó yá, ọmọ kan dìde lọ, ẹni tí wọ́n jọ ń gbá a sì fi páàdì lé mi lọ́wọ́. Kò bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n gbá."

Mo bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi sọ fún màmá mi.

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ ríṣẹ́ ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé lọ́la ni màá sọ ọ́. Ṣé wàá sọ fún un?"

"Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá sọ ọ́ lónìí, mi ò mọ bí màá ṣe wo ojú Màmá."

A jọ wọkọ̀ lọ sílé, láti Òjóò dé Ìwó Road. Bàbá mi ra bọ̀ọ̀lì nígbà tí a fẹ́ wọ ọkọ̀ Adégbayì, wọ́n fún mi, wọn kò jẹ nínú rẹ̀.

Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé. Olùkọ́ ni màmá mi, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹgbẹ́dá ni wọ́n ti ń kọ́ni, wọ́n sì wà ní ìsinmi nígbà yẹn. Bàbá mi dúró sí iwájú wọn pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Màmá mi kò gbójú sókè. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ, wọ́n ń ya òkúta sọ́tọ̀.

"Mo rò pé obìnrin ni," ni màmá mi wí nígbà tó yá.

Bàbá mi gbé báàgì sílẹ̀.

"Bàtà yín ń gbé ẹrẹ̀ pupa wálé, Bàbá wọn. Ọ̀dà ló wà ní gbogbo Sẹkitéríàtì. Mo ní ẹ ti kọ́lé fún ẹnì kan ní ibi tí ọ̀nà ò tíì dé." Màmá mi da òkúta nù. "Kí ni ẹ ní wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Géèmù."

"Géèmù bíi ti báwo?"

"Bọ́ọ̀lù. Ti inú tẹlifíṣọ̀n."

Màmá mi gbójú sókè wò wọ́n nísinsìnyí. Mo ti rí i tí màmá mi bínú, mo ti rí i tí wọ́n sunkún, ṣùgbọ́n ojú tí mo rí lọ́jọ́ náà kò jọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Wọ́n wo bàbá mi bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tó kanlẹ̀kùn tó sì ní òun ló ni ilé. Wọ́n gbé àtẹ ẹ̀wà kúrò lórí ẹsẹ̀, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n tilẹ̀kùn. A ò jẹ ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi ló kọ́kọ́ múra. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ bí aláyẹ̀wò bá ń bọ̀ nílé ìwé wọn, wọ́n gbé báàgì, wọ́n ní kí bàbá mi jẹ́ kí àwọn lọ. "Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i." Wọ́n ní kí èmi náà máa bọ̀.

Gbogbo àárọ̀ yẹn ni màmá mi fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú báàgì lórí itan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé, wọ́n sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní ibi ìkàwé. Bàbá mi kò gbá góòlù kankan wọlé. Lẹ́yìn náà ni màmá mi pe ẹni tó ni ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè bí ẹni pé ọmọ kíláàsì wọn ni.

"Bí iná bá lọ ńkọ́?"

"Mo ní jẹnẹrétọ̀, mà. Ṣùgbọ́n epo ti wọ́n. Nígbà mìíràn a máa ń dúró de iná."

"Bí ẹnì kan bá sanwó, tó wá dùbúlẹ̀ àìsàn, ṣé wàá dá tiẹ̀ padà?"

"Rárá, mà. Oṣù ti wọlé nìyẹn."

"Bí ìwọ fúnra ẹ bá wá ti ilẹ̀kùn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ló máa mú mi tì í, mà?"

Nígbà tí a jáde, mo ń retí pé kí màmá mi bú bàbá mi lójú títì. Wọn kò bú wọn. Wọ́n ní, "Kò wọ́n." A rìn díẹ̀ sí i. "Ká ní ẹ sọ fún mi ni, èmi ni ǹ bá máa san án. Ohun tí mo san ní oṣù wọ̀nyí, tí mo ń rò pé obìnrin ni, ó wọ́n ju ìyẹn lọ." Bí màmá mi ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n yí padà, wọ́n lọ san ti oṣù tó ń bọ̀. Ẹnu yà mí ju ti àná lọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni pé kí bàbá mi má wọ táì lọ mọ́. Ó ti tó, ni wọ́n wí, kí àdúgbò mọ̀ pé bàbá mi ti kúrò níbi iṣẹ́.

Ọmọ mi ọkùnrin ti dàgbà báyìí, òun náà ń san owó oṣooṣù fún géèmù. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì, kò sí bẹ́ǹṣì. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá láti ìlú tí a kò mọ̀. Ní ọjọ́ kan ó pè mí wá sí yàrá rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. Géèmù tó ti ń gbá bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti kúrò níbẹ̀. Kò bà jẹ́, ẹnikẹ́ni kò jí i. Àwọn tó ni ín kàn yọ ọ́ ni. "Ṣùgbọ́n mo sanwó, Mọ́mì," ló ń sọ. Mo mọ ohùn yẹn. Mo ti gbọ́ ọ rí ní Ajíbọ́dè.

Nígbà tó yá lẹ́yìn tí màmá mi sanwó yẹn, ọjọ́ Ajé kan ni bàbá mi padà wálé láti Ajíbọ́dè kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run. Wọ́n jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ lọ," ni wọ́n wí. Ní ọjọ́ kejì mo tẹ̀ lé wọn lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pé sí iwájú ibẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ilé náà, àgbàlagbà kan tó so aṣọ mọ́dìí, ṣí ilẹ̀kùn fún wa kí a lè rí i fúnra wa. Bẹ́ǹṣì nìkan ló kù, àti wáyà tó yọrí lára ògiri, àti àmì onígun mẹ́rin tó mọ́ ju ibòmíràn lọ níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ògiri.

Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ. Àwọn kan ti san owó oṣù mélòó kan sílẹ̀, nítorí ọmọ náà máa ń dín in kù fún ẹni tó bá san púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi wà lára wọn. Bàbá mi náà wà lára wọn.

"Ká ní mo ti ń tọ́jú owó yẹn ni, ǹ bá ti ra ẹ̀rọ tèmi," ni ọmọkùnrin kan tó ga ń sọ. "Ì bá wà nínú yàrá mi báyìí. Kò sẹ́ni tó máa wá kó o."

"Pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì mélòó?" ni ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn. "Ọ̀kan. Wàá gbá a títí á fi sú ẹ. Níbí, èwo ni a ò gbá? Mo ti gbá èyí tí mi ò ní lè rà láéláé."

"Kí ló wá kù lọ́wọ́ ẹ?"

Ọ̀rẹ́ mi la ọwọ́ méjèèjì, ó sì wò wọ́n.

Wọ́n kọjú sí bàbá mi, nítorí bàbá mi ni àgbà. "Dáírẹ́kítọ̀, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé owó yín ò dùn yín ni?"

"Ó dùn mí," ni bàbá mi wí. "Èyí tí mo san sílẹ̀ dùn mí. Èyí tí mo ti lò kò dùn mí." Wọ́n bọ́ síta kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n ní òmíràn.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ilé géèmù náà fara hàn nílé wa ní Adégbayì. Ọ̀rẹ́ mi ló júwe ilé fún un. Ó ti rù sí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kọ̀ láti dìde. Ó ní òun ti ń lọ bẹ àwọn tí òun jẹ lówó lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá mi ni àgbà jù nínú wọn, ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun tètè wá.

"Kí lo fi àwọn ẹ̀rọ yẹn ṣe?" ni bàbá mi bi í. "Ṣé o tà wọ́n ni?"

"Wọn kì í ṣe tèmi, sà."

Màmá mi ti inú yàrá jáde.

Ó ṣàlàyé. Oníṣòwò kan nígboro Ìbàdàn ló ni tẹlifíṣọ̀n, ló ni ẹ̀rọ, ló ni kásẹ́ẹ̀tì. Oṣooṣù ni òun ń sanwó fún un. Epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ owó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń lọ sílé wọn nígbà ìsinmi. Nígbà tí òun kò rí owó san mọ́, oníṣòwò náà gbé ọkọ̀ wá ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó sì kó ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

"Èwo ló wá jẹ́ tìẹ níbẹ̀?" ni màmá mi bi í.

"Bẹ́ǹṣì, mà."

Bàbá mi ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Gbogbo wa ti ń fi ẹnu wa pè é ní ẹni tó ni ibẹ̀, a ti bú u, a ti pè é ní olè. Òun náà ń sanwó oṣooṣù sí ohun tí kò lè di tirẹ̀, bíi ti bàbá mi gan-an.

"Dìde," ni bàbá mi wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Màmá mi gbé oúnjẹ wá fún un. Ó jẹ ẹ́ láìgbójú sókè. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, bàbá mi sọ fún un pé ọ̀rọ̀ owó ti parí láàárín àwọn méjèèjì, kí ó lọ máa bẹ àwọn yòókù. Wọ́n sìn ín dé ojú títì, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó padà.

Bàbá mi kò rí iṣẹ́ ọ́fíìsì mọ́. Ní ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba Ìjàyè lọ, níbi tí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ti ń dá oko lórí ilẹ̀ ẹbí. Wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo, nígbà tó yá wọ́n fi ewúrẹ́ kún un. Ọwọ́ wọn le, ojú wọn dúdú sí i. Wọ́n máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, màmá mi á sì bu epo pa ẹ̀yìn wọn tó ń ro wọ́n.

Ní ọdún kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti Èkó dé, ó gbé ẹ̀rọ géèmù tuntun wá fún wọn, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù. Ó ti gbọ́ gbogbo ìtàn náà lẹ́nu mi. Ó ní kò sẹ́ni tí wọ́n máa san kọ́bọ̀ fún mọ́, tiwọn ni títí láé. Bàbá mi dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ìròyìn, bàbá mi sì jókòó sídìí rẹ̀, wọ́n gbá eré kan tán, wọ́n borí.

"Ta ni mo ń bá gbá a?" ni wọ́n bi í.

"Ẹ̀rọ náà ni, Bàbá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbá a."

Bàbá mi wo tẹlifíṣọ̀n náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n gbé páàdì lé orí tábìlì, wọ́n wọ bàtà oko wọn, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá bá wọn di iṣu tí wọ́n fẹ́ kó fún aládùúgbò.